Ojú Ni Alákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ẹ Má Gbẹ́ Kòtò Edé Sí Ẹnu Omi Wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan fi ìpolówó kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwa ọmọ Igbódìgò tó wà ní yunifásítì. Àwòrán edé ńlá kan wà lórí rẹ̀, ó pọ́n bí ata rodo, àmì dọ́là sì tò yí i ká. Wọ́n ní kí ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ là wá kọ́ iṣẹ́ sísin edé. Wọ́n ní ilẹ̀ pọ̀ ní etí omi Ìlàjẹ, pé ẹrẹ̀ lásán ni, pé igi tó wà níbẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, àti pé láàrin oṣù díẹ̀ owó á ti dé. Kí n tó kà á tán, ọ̀rẹ́ mi méjì ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí mo béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí omi, ọ̀kan nínú wọn dá mi lóhùn pé, "Kí ló kàn wá? Etí òkun ni wọ́n ti fẹ́ gbẹ́ ẹ, kì í ṣe ilẹ̀ Ìkálẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ó kàn wá. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé igi ẹ̀gbà láti gbẹ́ kòtò edé sí etí omi Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí àwa ọmọ Ìkálẹ̀ sì wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Odò Olúwá tó gba ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kọjá kò dúró sọ́dọ̀ wa. Ó ń ṣàn lọ sí ọ̀nà Ìgbókòdá, ó ń bá omi ọ̀sà Ìlàjẹ pàdé, òkun sì wà níwájú. Àmọ́ odò kì í ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní ẹnu rẹ̀ ń padà gòkè. Àwọn ẹja kan wà tó jẹ́ pé abẹ́ gbòǹgbò ẹ̀gbà ni ọmọ wọn ti ń dàgbà kí wọ́n tó tàn kálẹ̀ sínú odò àti òkun. Edé tó wà nínú ọbẹ̀ wa ní Igbódìgò, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ọjà Ìgbókòdá ni wọ́n ti ń rà á. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ìlàjẹ kì í ṣe ará òde sí wa. Ará ilé ni.

Igi tí ìpolówó yẹn ní kò wúlò ńkọ́? Ẹ̀gbà ni igi tó ń dúró nínú ẹrẹ̀ oníyọ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Gbòǹgbò yẹn ló ń di ẹrẹ̀ mú kí ìgbì má kó o lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni akàn ń sá sí, ibẹ̀ ni ọmọ edé ń gbé títí yóò fi lè rin òkun. Ẹni tó bá gé e láti sin edé, ilé ọmọ edé gan-an ló wó láti fi kọ́ ilé fún edé. Ẹni tó ti dé Ayétòrò rí mọ bí òkun ṣe ń gbé ilé àti òpópónà mì níbẹ̀. Ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, òkun ló ń jẹ ẹ́ lójú gbogbo wa. Ṣé irú etí òkun bẹ́ẹ̀ ni a ó ti máa gé igi tó bá a dí omi lọ́nà?

Ẹ wá wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Irú edé tí wọ́n ń polówó yìí, omi iyọ̀ ló ń gbé. Wọ́n á ṣán igbó ẹ̀gbà, wọ́n á fi katakata gbẹ́ kòtò, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa omi iyọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á da ọmọ edé sí i, wọ́n á sì máa fún wọn ní oúnjẹ. Edé kì í jẹ oúnjẹ náà tán. Èyí tó kù pẹ̀lú ìgbẹ́ wọn á rọ̀ sísàlẹ̀, á di ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn. Kí edé má baà kú, wọ́n á máa tú omi ìdọ̀tí náà dà sínú odò, wọ́n á sì fa tuntun. Omi ìdọ̀tí yẹn dà bí ajílẹ̀ nínú odò. Ewé wẹ́wẹ́ inú omi á hù lọ́pọ̀ yanturu, á kú, á jẹrà, ìjẹrà náà á sì gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí tán nínú omi. Bí àrùn bá wọ kòtò, wọ́n á da oògùn sí i. Inú odò kan náà ni oògùn náà ń lọ.

Kòtò náà kì í sì í pẹ́. Ẹrẹ̀ abẹ́ igi ẹ̀gbà ní imí-ọjọ́ nínú. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá bò ó, kò sí wàhálà. Bí wọ́n bá hú u síta tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó ń di ásíìdì, òjò á sì máa fọ ásíìdì náà sínú kòtò àti sínú odò. Káàkiri Éṣíà, ọ̀pọ̀ kòtò edé ni wọ́n pa tì láàrin ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Olówó á kó ẹ̀rọ rẹ̀, á lọ wá igbó ẹ̀gbà mìíràn. Ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ kò ní mú ẹja jáde, kò sì ní hu ẹ̀gẹ́.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá mi àgbà nílé. Wọ́n ti ta edé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹsẹ̀ tó máa dùn wọ́n. Wọ́n bi mí pé, "Edé inú kòtò yẹn, kí ni wọ́n fi ń bọ́ ọ?"

Mo ní, "Oúnjẹ tí wọ́n ń rà ni, Màmá."

"Kí ni wọ́n fi ṣe oúnjẹ náà?"

Mo ní, "Wọ́n ní ẹja wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń lọ ẹja mọ́ ọn ni."

Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá rẹ́rìn-ín. "Ẹ ó lọ ẹja tí tálákà ń jẹ, kí ẹ lè fi bọ́ edé tí olówó ń jẹ. Ìyẹn ni wọ́n wá ń kọ́ yín ní yunifásítì?"

Èmi kò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní Senegal, ní The Gambia àti ní Mauritania lónìí, àwọn iléeṣẹ́ wà tó ń lọ ẹja wẹ́wẹ́ etí òkun wọn di ìyẹ̀fun tí wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun láti fi bọ́ ẹja àti edé ọ̀sìn. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja yẹn tà níbẹ̀ ti ń pariwo pé àwọn kò rí ẹja rà mọ́.

Bí ẹnìkan bá ní àbá lásán ni mò ń dá, kó wo ibi tí wọ́n ti ṣe é ṣáájú wa. Ní Philippines, igbó ẹ̀gbà tó jẹ́ nǹkan bí 450,000 hẹ́kítà ní ọdún 1918 ti dín sí nǹkan bí 120,000 nígbà tó fi máa di 1994, kòtò ẹja àti kòtò edé ló sì jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Taiwan ni gbogbo ayé ń wárí fún nídìí sísin edé ní ọdún 1987. Ní 1988, àrùn wọ kòtò wọn, ohun tí wọ́n kó jáde kò tó ìdajì ti èṣí. Lẹ́yìn ìyẹn ni àrùn funfun tó ń tò lára èèpo edé tún bẹ́ sílẹ̀ ní Éṣíà ní ọdún 1992, ó dé Ecuador ní 1999, ó sì dé Mozambique nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí ní 2011.

Ti Bangladesh ló jọ tiwa jù, nítorí àgbẹ̀ ni wọ́n bíi tiwa. Ní agbègbè Khulna, ìjọba ti mọ odi amọ̀ yí ilẹ̀ oko ká kí omi iyọ̀ má baà wọ ìrẹsì. Láti àwọn ọdún 1980, àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í dá odi náà lu kí omi iyọ̀ lè wọlé fún edé wọn. Ìrẹsì kò ṣe dáadáa mọ́, igi eléso ń kú, màlúù kò rí koríko jẹ, àwọn obìnrin sì ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí omi mímu pọn. Ní ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá ọdún 1990, ní abúlé Horinkhola, obìnrin kan tó ń jẹ́ Karunamoyee Sardar ṣíwájú àwọn ará abúlé láti sọ pé edé kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ wọn. Wọ́n yìnbọn pa á. Àmọ́ àwọn ará ibẹ̀ kò gbà. Agbègbè tí wọ́n ń pè ní Polder 22 náà lé olóko edé sẹ́yìn, wọ́n sì ń ṣe ìrántí obìnrin yìí lọ́dọọdún.

Ẹ̀gẹ́ kò fẹ́ràn iyọ̀ ju ìrẹsì lọ o. Omi iyọ̀ kò sì mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Ní ẹkùn Awoyè, ojú omi tí wọ́n gbẹ́ nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì ló ṣílẹ̀kùn fún òkun láti wọ inú irà tí kò níyọ̀ tẹ́lẹ̀. Igi kú lóòró, omi mímu bàjẹ́. Katakata kan ṣoṣo ló ń ṣílẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ọwọ́ kò lè tì í padà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó yẹ kó dẹ́rù bà wá. Àwọn tó ń polówó máa ń ní edé inú kòtò kò lè jáde. Ní ọdún 1964, àwọn ará Netherlands kó irú ọ́ísítà kan wá láti òkè òkun, ìyẹn ẹran oníkarahun méjì tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta àti gbòǹgbò. Wọ́n ní omi àwọn ti tutù jù, kò lè bímọ níbẹ̀. Ó bímọ. Lónìí ó ti bo etí omi wọn dé Jámánì, kò sì sí ẹni tó lè kó o kúrò. Tiwa náà ti ṣẹlẹ̀. Edé ńlá onílà lára tí àwọn òyìnbó ń pè ní tiger prawn, ọmọ òkun Éṣíà ni. Omi Nàìjíríà kọ́ ni ilé rẹ̀. Àmọ́ kí ọdún 2010 tó parí ni àwọn onímọ̀ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń mú un nínú omi Niger Delta, ọ̀pọ̀ wọn sì gbà pé ọ̀sìn edé tí wọ́n ṣe níbòmíràn ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti sá jáde. Ó ń jẹ edé tó kéré sí i. Àlejò tó wọlé láìkànlẹ̀kùn, tó tún ń jẹ ọmọ onílé, ṣé òun ni a ó tún gbẹ́ kòtò dè?

Mo mọ èsì tí ẹ óò fọ̀. Ẹ óò ní, "Òfin wà." Bẹ́ẹ̀ ni, òfin wà. Òfin ológun nọ́ńbà 86 ti ọdún 1992 sọ pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ ńlá máa ní lórí àyíká kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ lọ ka àfikún tó wà lẹ́yìn òfin náà, lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹja. Ó fi dandan lé àyẹ̀wò fún iṣẹ́ ọ̀sìn orí ilẹ̀ tó bá máa ṣán igbó ẹ̀gbà tó tó 50 hẹ́kítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ mi yé: 50. Ẹni tó bá ṣán 49 ńkọ́? Ó lè jiyàn pé dandan yẹn kò kan òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ṣán 49 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ á ṣán 49 mìíràn, gbogbo igbó á tán, kò sì sí ẹni tó rú àfikún náà. Ihò tí eku ń gbà wọlé nìyẹn. Ẹ má sì gbàgbé pé a ti ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ omi òkun àti ọrọ̀ inú rẹ̀ láti ọdún 2023. Ariwo owó inú omi ti gba ìlú kan. Ariwo ìtọ́jú omi náà ni mi ò tíì gbọ́.

Ẹlòmíràn á ní, "Epo rọ̀bì ti ba omi jẹ́ tán, kí ni edé tún fẹ́ bàjẹ́?" Ẹni tí iná jó ilé rẹ̀ ku yàrá kan, ṣé ó yẹ kó sọ igi ìṣáná sínú yàrá náà? Nítorí pé epo ti jẹ tirẹ̀ ni kò fi yẹ kí edé jẹ èyí tó kù.

Èyí tó le jù ni ti ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ń sọ̀rọ̀ igi, èmi ń wá iṣẹ́." Mi ò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà máa jáde lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò sì mọ ẹni tó ń gba ẹni tó kọ́ èdè Yorùbá síṣẹ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ bi í léèrè, ta ló máa ni kòtò náà? Òun kọ́. Ẹni tó ní katakata ni. Ọ̀rẹ́ mi á máa ṣọ́ kòtò lóru fún owó táṣẹ́rẹ́, nígbà tí kòtò bá sì kú, olówó á lọ, òun á kù síbẹ̀ pẹ̀lú odò tí kò lẹ́ja mọ́. Àwọn apẹja tó ti ń jẹun níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà á sì di ẹni tó ń wá iṣẹ́.

Mi ò sọ pé kí á má sin ohunkóhun nínú omi. Kòtò ẹja àrọ̀ tí àwọn èèyàn wa ń gbẹ́ sẹ́yìn ilé, omi tí kò níyọ̀ ni, kò gba kí á gé ẹ̀gbà kankan. Bí ìjọba bá sì fẹ́ ẹran oníkarahun ní etí òkun, kó lọ wo The Gambia. Láti ọdún 2007 ni àwọn obìnrin tó ń wá ọ́ísítà lára gbòǹgbò ẹ̀gbà níbẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ TRY sílẹ̀. Wọ́n lé ní 500. Ní 2012, ìjọba fi ẹ̀tọ́ lórí ọ́ísítà inú irà Tanbi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ń pa odò dè fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún kí ọ́ísítà lè dàgbà, wọ́n sì ń gbin ẹ̀gbà padà. Ọ́ísítà kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Omi ló ń sẹ́, tó ń jẹ ohun wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣírò pé ọ̀kan ṣoṣo lè sẹ́ omi tó tó 190 lítà lójúmọ́. Òun náà ní ìlànà tirẹ̀ o: bí ó bá pọ̀ jù lójú kan, ìgbẹ́ rẹ̀ á bo ìsàlẹ̀ omi, bí ìdọ̀tí tàbí epo bá sì wà nínú omi, òun náà ni ẹni tó jẹ ẹ́ máa jẹ. Àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyí: ẹni tó ń wá ọ́ísítà nílò kí ẹ̀gbà wà láàyè, ẹni tó ń gbẹ́ kòtò edé nílò kí ẹ̀gbà kú.

Kí ni kí á ṣe? Àkọ́kọ́, kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó dí ihò 50 hẹ́kítà yẹn. Kí wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣán ẹ̀gbà nítorí kòtò edé, ìbáà ṣe hẹ́kítà kan. Ìkejì, kí wọ́n má gba ọmọ edé ilẹ̀ òkèèrè wọlé. Ó ṣòfin ní India rí: ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí wọ́n wó àwọn kòtò edé tó wà ní agbègbè etí òkun tí òfin dáàbò bò, kí àwọn olówó sì san owó ohun tí wọ́n bàjẹ́. Lóòótọ́, òfin tí wọ́n ṣe ní 2005 tún dẹ okùn fún àwọn olóko edé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá borí lónìí kò fi gbọdọ̀ sùn lọ́la. Ìkẹta, kí àwọn ọba àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ bá ti Ìlàjẹ jókòó kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀.

Ìkẹrin ni tiwa, àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Nígbà tí irú iṣẹ́ báyìí bá fẹ́ wáyé, wọ́n máa ń gbé ìwé àyẹ̀wò jáde kí ará ìlú lè sọ tinú wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹni tó ń ta edé ní Ìgbókòdá kò lè tako ohun tí kò lè kà. A ti ń túmọ̀ eré oníṣe, a ti ń túmọ̀ ewì. Kí ló dé tí a kò lè túmọ̀ ìwé tó máa sọ bóyá odò wa yóò kú tàbí yè? Èmi ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àfikún òfin 1992 yẹn, mo sì ń wá ẹni méjì tó máa bá mi ṣe é. Ẹ̀yin tó gbọ́ ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ dáadáa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

Mo ti kọ èsì sábẹ́ ìpolówó yẹn náà. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ìyá mi àgbà ni mo kọ síbẹ̀, mo sì fi ọ̀kan kún un: ta ló máa kù sí etí odò nígbà tí kòtò bá kú? Títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, ẹni tó fi ìpolówó ránṣẹ́ kò tíì fèsì. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì ti ní òun á kọ́kọ́ lọ bi àwọn ará Ìlàjẹ tó mọ̀ kí òun tó forúkọ sílẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí gbogbo wa la ojú wa.